Bẹ́ ẹ ṣe máa so páwà-páàkì mọ́ mọ́dàbọ́ọ̀dù: orí wáyà méjì ni o, kì í ṣe ẹyọ kan

Ọmọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, inú báàgì Ghana-must-go ló kó o sí, ojú ẹ̀ ti pọ́n, torí níbi tó kọ́kọ́ gbé e lọ wọ́n ti sọ fún un pé mọ́dàbọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo nǹkan tó kù ń so mọ́, ti kú, kó lọ wá owó òmíì. Òun fúnra ẹ̀ ló to kọ̀ǹpútà yẹn, oṣù mẹ́rin ló fi ń ra àwọn nǹkan inú ẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo tan án, fáànù ń yí, iná pupa kékeré kan ń tàn lórí bọ́ọ̀dù, àmọ́ ojú sìkíríìnì ṣókùnkùn biribiri. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí igun òkè lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ prósẹ́sọ̀, kóró tó ń ronú nínú kọ̀ǹpútà. Ẹnu oníhò mẹ́jọ kan wà níbẹ̀ tó ṣófo. Wáyà tó yẹ kó wọ ibẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn kéèsì, okùn tí wọ́n fi dì í láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára ẹ̀, kò tíì já. Mo fà á jáde, mo tì í bọ̀ ọ́, ó dún "kọ̀", mo tan án padà, kò tó sẹ́kọ́ǹdù mẹ́wàá tí àwòrán fi yọ. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyẹn náà ni?" Mo ní òun náà ni, àbúrò.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé "ó ti kú", àwọn tí kò kú rárá pọ̀ níbẹ̀, wáyà ni kò wọlé dáadáa tàbí tí kò wọlé páàpáà. Ó máa ń dùn mí gan-an ni, torí owó téèyàn fi oṣù mẹ́rin kó jọ ò yẹ kó ṣòfò lórí ohun tí ojú lásán lè rí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n débi tẹ́ ò ní nílò mi. Ẹ fi èyí sọ́kàn báyìí: orí wáyà méjì ló ń gbé iná láti ara páwà-páàkì, àpótí irin tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà, wọ mọ́dàbọ́ọ̀dù, ńlá kan, kékeré kan, kékeré yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Kí ni páwà-páàkì ń ṣe gan-an?

Iná ọba tó ń jáde lára ògiri wa, 230 volts ni, ìgbà àádọ́ta, ìyẹn 50, ló sì ń lọ tó ń bọ̀ nínú sẹ́kọ́ǹdù kan. Mọ́dàbọ́ọ̀dù ò lè jẹ irú iná yẹn láéláé. 12 volts, 5 volts àti 3.3 volts ló ń jẹ, iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ bíi ti bátìrì. Páwà-páàkì ló ń gba ti ògiri tó ń sọ ọ́ di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn.

Tí wáyà yín bá ní àwọ̀, yẹ́lò ni 12 volts, pupa ni 5, àwọ̀ ọsàn ni 3.3, dúdú ni ibi tí iná ń gbà padà. Àwọn tuntun kan wà tí gbogbo wáyà wọn dúdú látòkè délẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ipò wọn ò yí padà. Mẹ́ta kan tún wà tó jẹ́ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n, àwọn yẹn ni mo fẹ́ràn jù torí àwọn ló ń jẹ́ kí n mọ ibi tí àrùn wà. Elésè-àlùkò ń gbé 5 volts ní gbogbo ìgbà tí pọ́lọ́ọ̀gì bá ti wà lára ògiri, kódà kí kọ̀ǹpútà wà ní pípa, òun ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀dù máa lajú sílẹ̀ dè yín. Bẹ́ ẹ bá wá tẹ bọ́tìnì, bọ́ọ̀dù á so wáyà àwọ̀ ewé mọ́ dúdú, páwà-páàkì á mọ̀ pé àsìkò iṣẹ́ ti tó. Tí iná ẹ̀ bá ti rọlẹ̀ dáadáa, á gba wáyà àwọ̀ eérú sọ fún bọ́ọ̀dù pé ó ti yá, kì í tó ìdajì sẹ́kọ́ǹdù, ìgbà yẹn ni prósẹ́sọ̀ á tó jí.

Àwọn ọ̀gá tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kó tó di 1995, ọdún tí Intel gbé ATX jáde, ìyẹn ìlànà tó sọ bí páwà-páàkì àti bọ́ọ̀dù ṣe máa bára mu, á rántí P8 àti P9. Orí wáyà méjì tó jọra bí ìbejì ni, ẹni tó bá gbé ọ̀kan sípò èkejì ti jó bọ́ọ̀dù nìyẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ pé kí dúdú máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú láàárín. ATX ló mú ìṣòro yẹn kúrò, orí kan ṣoṣo oníhò 20. Nígbà tí Pentium 4 dé ní 2000, iná tí prósẹ́sọ̀ yẹn ń jẹ ti pọ̀ ju ohun tí orí ńlá lè gbé fún un lọ, ni wọ́n bá fún prósẹ́sọ̀ ní wáyà tiẹ̀, oníhò 4, èyí tó ti di 8 lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù lónìí. Ní 2003 orí ńlá náà kúrò ní 20, ó di 24. Bí wọ́n ṣe di méjì nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó náwó

Ẹ yí páwà-páàkì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má wo nọ́ńbà gàgàrà tí wọ́n kọ síwájú o, ibi tí wọ́n kọ 12V sí ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ wo iye ámúpù (A) tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Mo ti mú ọ̀kan lọ́wọ́ tí wọ́n kọ 600W sí lára gàdàgbà, àmọ́ tó jẹ́ 18A ló wà lábẹ́ 12V. 12 lọ́nà 18, ó jẹ́ 216 watts. Ibi 12 volts yẹn ni prósẹ́sọ̀ àti gráfíìkì, káàdì tó ń gbé àwòrán sí ojú sìkíríìnì, ti ń jẹun, torí náà 216 ni nǹkan tẹ́ ẹ rà, kì í ṣe 600. Tẹ́ ẹ bá tún gbé e lọ́wọ́ tó fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì, ẹ dá a padà fún wọn.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí kò ní gráfíìkì, tó jẹ́ pé Word, ìwé owó àti íntánẹ́ẹ̀tì ló wà fún, 300 watts tó jẹ́ 300 lóòótọ́ tó o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ki gráfíìkì bọ̀ ọ́, ẹ ka ohun táwọn tó ṣe gráfíìkì yẹn ní kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ojú tó ń wọ̀ lórí bọ́ọ̀dù lè fún un ní 75 watts, wáyà oníhò 6 lè fi 75 kún un, oníhò 8 lè fi 150 kún un.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá súìṣì pupa kékeré kan wà tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Èyí ṣe pàtàkì gan-an ní Nàìjíríà wa níbí torí ọ̀pọ̀ tokunbọ̀ wá láti Amẹ́ríkà, 115 ni wọ́n sì máa ń gbé e sí. Ojú mi ló ṣe lọ́jọ́ tí ẹnì kan ki irú ẹ̀ bọ ògiri láìwẹ̀yìn, ó bú gbàù, èéfín funfun gba yàrá, òórùn yẹn ò kúrò níbẹ̀ títí di alẹ́. Ẹ fi súkúrúdíráfà tẹ̀ ẹ́ sí 230 kẹ́ ẹ tó ronú nǹkan mìíì. Àwọn tuntun tí kò ní súìṣì yẹn, tí wọ́n kọ 100–240V sí lára, wọ́n ń yan èyí tó bá wọn mu fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ tokunbọ̀ ò tíì tán. Ẹni bá ra Dell OptiPlex 3020, 7020 tàbí 9020, kó má wulẹ̀ wá ojú oníhò 24 lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀, kò sí níbẹ̀, oníhò 8 ni Dell lò. HP EliteDesk 800 G1 lo oníhò 6. Lenovo ThinkCentre M82 àti M92 lo oníhò 14. Páwà-páàkì ATX tẹ́ ẹ rà ní ọjà ò lè wọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, àfi kẹ́ ẹ ra wáyà àárín tí wọ́n ṣe fún mọ́dẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an, ẹ sọ orúkọ mọ́dẹ́ẹ̀lì fún ẹni tó ń tà á, ẹ má kàn sọ pé "ti Dell". Èyí tó burú jù ni àwọn Dell àtijọ́, láti ìparí 1998 títí di nǹkan bíi 2000: orí wáyà wọn rí bíi ti ATX gẹ́lẹ́, ó sì ń wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ wọ́n ti pààrọ̀ ipò iná inú ẹ̀. Ẹ so ATX gidi mọ́ ọn, ó tán nìyẹn. Tí ọ̀kan bá ṣì wà nínú yàrá bàbá yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Ó yá, ẹ pa iná

Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, ẹ má kàn pa súìṣì. Ẹ wá tẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ fún sẹ́kọ́ǹdù mẹ́wàá kí iná tó kù nínú ẹ̀ lè jáde. Àti pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ikùn páwà-páàkì fúnra ẹ̀. Kapasítọ̀ ńlá kan wà nínú ẹ̀ tó ń di iná tó ju 300 volts mú, ó sì lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yẹn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀.

Súkúrúdíráfà kan tí ẹnu ẹ̀ rí bí àgbélébùú, tọ́ọ̀ṣì, okùn rọ́bà díẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi di wáyà, ó tó. Tẹ́ ẹ bá ní mítà tó ń wọn volts, ẹ gbé e wá. Ẹ gbé kéèsì lé orí tábìlì igi, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì máa fọwọ́ kan irin kéèsì lóòrèkóòrè. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, tí ara gbẹ, tí aṣọ ń ta paapàà téèyàn bá ń bọ́ ọ, iná kékeré yẹn lè pa RAM, ìyẹn mẹ́mórì kọ̀ǹpútà, láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n lára.

Tí páwà-páàkì ò bá tíì wà nínú kéèsì, síkúrù mẹ́rin ló ń dì í mú lẹ́yìn. Fáànù ẹ̀ á kọjú sísàlẹ̀ tí ihò àti síìfù bá wà nísàlẹ̀ kéèsì, tí kò bá sí, kó kọjú sókè. Ẹ má dè é le kí ẹ tó fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó wọ́.

Orí ńlá: oníhò 24

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bọ́ọ̀dù, lẹ́bàá ibi tí RAM tò sí. Ojú gígùn kan wà níbẹ̀, ìlà méjì, ihò méjìlá méjìlá. Orí tó wọ ibẹ̀ ló tóbi jù nínú gbogbo wáyà tó jáde lára páwà-páàkì, ẹ ò lè ṣì í mọ̀. Nígbà míì ó máa ń ya sí méjì, oníhò 20 àti oníhò 4 tí wọ́n fi ìkọ́ so pọ̀. Ẹ so wọ́n pọ̀ lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó tì í wọlé, kí wọ́n dọ́gba, torí oníhò 4 yẹn ló máa ń yọ́ jáde lẹ́yìn, á wá dà bíi pé ó wọlé, kò sì wọlé.

Ẹ wojú ihò wọn dáadáa lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn kan wọ́n ti gé igun wọn. Ohun tó wà lára orí bá ohun tó wà lára ojú mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe bá àgádágodo mu, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà. Kílíìpù kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, èèkàn pẹlẹbẹ kan sì wà lára ojú tó wà lórí bọ́ọ̀dù, kílíìpù gbọ́dọ̀ wà lápá ibi tí èèkàn yẹn wà.

Ẹ gbé e lé e, kó dúró ṣánṣán, ẹ wá fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún lósì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń le díẹ̀ tó bá jẹ́ tuntun, bọ́ọ̀dù á sì fẹ́ tẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kejì ti etí ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń rọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúlò tó ibí yìí: tó bá kọ̀, ẹ má gbá a, ẹ yọ ọ́, ẹ tún ojú ẹ̀ wò, nǹkan kan ni kò bá nǹkan kan mu. Tó bá wọlé lóòótọ́ ẹ máa gbọ́ "kọ̀", kílíìpù á ti gun orí èèkàn yẹn kọjá, èékánná yín ò ní lè wọ àárín orí àti ojú. Ẹ fà á díẹ̀. Tí kò bá yọ, ó ti wọlé.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ tẹ kílíìpù mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa mì í sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹ ṣe ń fà á. Orí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú, kì í ṣe wáyà.

Orí kékeré: ti prósẹ́sọ̀

Nídìí èyí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ó wà lókè bọ́ọ̀dù lápá òsì, ó há sáàárín irin tó ń mú prósẹ́sọ̀ tutù àti òrùlé kéèsì, ibi tí ọwọ́ kì í fẹ́ wọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń gbàgbé ẹ̀ nìyẹn. Tí bọ́ọ̀dù bá ṣì wà níta, ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀yìn kéèsì fa wáyà yìí gòkè kẹ́ ẹ tó gbé bọ́ọ̀dù wọlé, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n sábà máa ń kọ CPU sára orí ẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí, gbogbo àpótí kọ̀ǹpútà la máa ń pè ní CPU, torí ẹ̀ ni kọ́sítọ́mà kan ṣe rò pé wáyà tí wọ́n kọ CPU sí lára, ti àpótí ni, ó wá ń wá ibi tó máa kì í bọ̀ lára kéèsì. Prósẹ́sọ̀ ni wọ́n ń sọ o, kóró tó ń ronú náà.

Ó máa ń ya sí méjì, 4 àti 4. Tí ojú bọ́ọ̀dù bá jẹ́ oníhò 8, ẹ pa méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ tì wọ́n wọlé. Tó bá jẹ́ oníhò 4, ìlàjì kan ṣoṣo tó bá wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́ lẹ máa lò, kí èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn bọ́ọ̀dù olówó ńlá kan ní 8 tún ní 4 sí i. Fún ìlò tiwa, 8 yẹn ti tó.

Wàyí o, ewu tó wà níbẹ̀: wáyà gráfíìkì náà jẹ́ oníhò 8, téèyàn ò bá wò ó dáadáa wọ́n jọra bí àkàrà méjì nínú epo kan. PCI-E ni wọ́n máa ń kọ sí tiẹ̀ lára, 6 àti 2 ló sì máa ń yà sí, kì í ṣe 4 àti 4. Tí wáyà bá ní àwọ̀, ẹ wo apá tí kílíìpù wà: ti prósẹ́sọ̀, yẹ́lò ló wà lápá kílíìpù, ti gráfíìkì, dúdú ló wà níbẹ̀. Wọ́n yí wọn síra wọn. Wọ́n ti gé igun ihò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà wọ ibi tí kì í ṣe tiwọn, àmọ́ mo ti rí ẹni tó fipá tì í wọlé, 12 volts pàdé ilẹ̀, ìyẹn wáyà dúdú, tààrà, bọ́ọ̀dù sì lọ.

Wáyà páwà-páàkì mìíì, ẹ má fọwọ́ kàn án

Àwọn páwà-páàkì kan wà tí wáyà wọn ń yọ lára páwà-páàkì fúnra ẹ̀ náà, ẹ lè yọ èyí tẹ́ ò nílò. Wọ́n dáa. Àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa: apá tó ń wọ bọ́ọ̀dù bára mu káàkiri ayé, apá tó ń wọ páwà-páàkì ò bára mu. Kóńkó jabele ni, olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ló to iná tiẹ̀ bó ṣe wù ú, kódà mọ́dẹ́ẹ̀lì méjì láti ilé iṣẹ́ kan náà lè yàtọ̀. Orí ẹ̀ á wọlé, á dún "kọ̀" bó ṣe yẹ, ibi tí 5 volts yẹ kó wà, 12 lá jáde.

Mo mọ̀ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Páwà-páàkì kọ́sítọ́mà kan bàjẹ́, mo fi tuntun sí i, mo wò ó pé wáyà hard disk àtijọ́ ti wà nípò ẹ̀, kí n kúkú fi í sílẹ̀ kí n má tún ṣí gbogbo ẹ̀yìn. Mo tan án, hard disk dún "tíì" lẹ́ẹ̀kan, òórùn jáde. Mo ra hard disk mìíì fún obìnrin náà, àmọ́ fọ́tò ìsìnkú ìyá ẹ̀ ló wà nínú ti tẹ́lẹ̀, mi ò rí ìyẹn san fún un. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá pààrọ̀ páwà-páàkì, gbogbo wáyà ẹ̀ ni mo ń pààrọ̀, mo sì ń fi téèpù kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ ọn lára.

Àwọn tó kù ò le. Wáyà SATA, pẹlẹbẹ, ẹnu ẹ̀ rí bíi lẹ́tà L, òun ló ń bọ́ hard disk àti SSD, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì sí. Gráfíìkì tó bá ní ojú, ẹ fi PCI-E sí gbogbo ojú tó bá ní, ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀. Bọ́tìnì iwájú kéèsì, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n kọ POWER SW sí, ó ń wọ àwọn píìnì kéékèèké ní ìsàlẹ̀ ọ̀tún bọ́ọ̀dù, ìwé bọ́ọ̀dù á fi èyí tó jẹ́ tiẹ̀ hàn yín, kò sì sí wàhálà tẹ́ ẹ bá yí i padà torí súìṣì lásán ni.

Ẹ dán páwà-páàkì wò kẹ́ ẹ tó so ó

Tó bá jẹ́ tokunbọ̀, tàbí tẹ́ ẹ ń fura sí i, èyí ṣe é ṣe láìsí bọ́ọ̀dù. Gbogbo orí wáyà ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níta, kó má wọ nǹkankan, àfi hard disk àtijọ́ kan tàbí fáànù tẹ́ ẹ máa so mọ́ ọn kó lè ní ohun tó ń bọ́. Páwà-páàkì ṣì wà ní pípa. Ẹ mú orí oníhò 24, ẹ kọ apá kílíìpù sójú yín, kẹ́ ẹ kà láti ìpẹ̀kun tí kì í ṣe ti oníhò 4: àwọ̀ ọsàn, aró, dúdú, àwọ̀ ewé. Ìkẹrin yẹn lẹ ń wá, kódà tí gbogbo wáyà bá dúdú. Ẹ tẹ píìnì ìwé, ẹ ki ẹnu kan bọ àwọ̀ ewé, ẹ ki èkejì bọ dúdú tó tẹ̀ lé e. Ẹ mú ọwọ́ kúrò, ẹ wá tan súìṣì ẹ̀yìn. Fáànù ẹ̀ yẹ kó yí, àyàfi àwọn kan tí fáànù wọn kì í yí títí á fi gbóná.

Ẹ gbé mítà sí DC, ìyẹn iná ọlọ́nà kan, ẹnu dúdú mítà sí wáyà dúdú, ẹ fi pupa wá àwọn tó kù. Yẹ́lò gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 sí 12.6. Pupa, 4.75 sí 5.25. Àwọ̀ ọsàn, 3.14 sí 3.47. Tó bá jáde kúrò nínú ìyẹn, ẹ má so ó mọ́ nǹkankan. Tó bá wà nínú ẹ̀, ó dáa, àmọ́ kò tíì jẹ́ ẹ̀rí tó pé, torí àwọn kan wà tí nọ́ńbà wọn á dáa báyìí, tí ẹrù bá wá wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n á wó.

Ẹ tan án

Kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, ńlá lọ́tùn-ún, kékeré lókè òsì. Ẹ wò ó pé wáyà kankan ò kan fáànù. Súìṣì ẹ̀yìn páwà-páàkì, apá I ni títàn, O ni pípa. Ẹ má pa kéèsì dé ná.

Tí ohunkóhun ò bá ṣẹlẹ̀, ẹ wo súìṣì ẹ̀yìn yẹn, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, ẹ fi nǹkan mìíì dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Tí iná kékeré bá ń tàn lórí bọ́ọ̀dù àmọ́ bọ́tìnì ò ṣiṣẹ́, iná elésè-àlùkò ti dé nìyẹn, ẹ yọ wáyà POWER SW, ẹ fi ẹnu súkúrúdíráfà kan píìnì méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá tan, bọ́tìnì kéèsì ló bàjẹ́.

Tó bá fẹ́ tan tó tún kú lójú ẹsẹ̀, iná ń pàdé ilẹ̀ níbì kan. Ẹ yọ bọ́ọ̀dù, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, síkúrù tó jábọ́ sábẹ́ ẹ̀ ni mo máa ń rí jù, tàbí kí wọ́n gbàgbé àwọn òpó idẹ kéékèèké tó yẹ kó gbé bọ́ọ̀dù kúrò lára irin. Fáànù ń yí, àwòrán ò yọ: ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò, ẹ padà sí orí kékeré. Tí ìyẹn bá ti wọlé, ẹ yọ RAM, ẹ nu ẹnu ẹ̀, ẹ tì í padà títí á fi dún, kẹ́ ẹ sì wò ó pé ara gráfíìkì lẹ ki wáyà tẹlifíṣọ̀n kọ̀ǹpútà bọ̀, kì í ṣe ara bọ́ọ̀dù. Tó bá ń tan, àmọ́ tó ń pa ara ẹ̀ bẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ géèmù, páwà-páàkì yẹn ni kò tó ẹrù, ẹ padà lọ ka bébà ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná tiwa. Tẹ́ ẹ bá ń lo gẹ́nì kékeré, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sáré kó rọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, tí iná ọba bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀. UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná ọba bá lọ, dáa, àmọ́ àwọn olówó pọ́ọ́kú tí iná wọn kì í yí rogodo bíi ti ògiri, páwà-páàkì ìgbàlódé kan lè kọ̀ ọ́, á kàn kú bí iná bá ti lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì kún. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbára lé e: ẹ yọ UPS lára ògiri nígbà tí kò sí iṣẹ́ kankan lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á dúró.

Ẹlòmíì á tún sọ fún mi pé "ẹ̀gbọ́n, tí mo bá fọwọ́ kan irin kéèsì, iná ń gbé mi díẹ̀díẹ̀, àfi bíi kí èèrà máa jẹni". Mọ́dàbọ́ọ̀dù kọ́, páwà-páàkì náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Kapasítọ̀ kéékèèké kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí iná ń gbà wọ páwà-páàkì, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n da ìdọ̀tí iná sínú ilẹ̀. Tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín ò bá ní ẹ́ẹ̀tì (earth), wáyà tó ń lọ sínú ilẹ̀, ìdọ̀tí yẹn ò rí ilẹ̀ tó máa lọ, ara irin ló ń dúró sí. Mo ti bá a pàdé nínú ilé púpọ̀ tí wọ́n kàn gé píìnì kẹta pọ́lọ́ọ̀gì kúrò kó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri. Ẹ má gé e. Ẹ pe oníná tó mọ iṣẹ́, kó ri irin ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, kó fa wáyà ẹ̀ wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun mìíì sínú kọ̀ǹpútà.